Ilé Tó Wúwo Ju Mọ́tò Lọ

Ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ọkọ mi nínú mọ́tò yẹn.

Mọ́tò tí wọ́n fi ń há búrẹ́dì káàkiri ìgboro la sọ di ilé. Wọ́n ti fi ọ̀dà pa orúkọ ilé búrẹ́dì náà rẹ́, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti mú, òórùn búrẹ́dì á máa jáde lára irin rẹ̀, ebi á sì máa pa èèyàn láìnídìí. Tí mo bá na ọwọ́ mi méjèèjì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri lọ́tùn-ún lósì. Inú ibẹ̀ ni ọkọ mi dúró sí, tó fi téèpù wọn ilẹ̀ síwá sẹ́yìn, tó ní òun máa ya pálọ̀ sọ́tọ̀, òun máa ya yàrá sọ́tọ̀, òun á sì fi ilẹ̀kùn sáàárín.

"Ilẹ̀kùn kẹ̀?" ni mo ní. "Ta ni àlejò tó ń bọ̀?"

"Ṣé pálọ̀ lo fẹ́ máa sùn ni?"

"Pálọ̀ wo? Ibi tí mo dúró sí yìí, ṣé òun ni pálọ̀?"

"Rárá," ó ní. "Inú yàrá lo wà. Sún síwájú díẹ̀."

Ẹ má bínú pé mò ń pe ọkọ mi ní "ó". Nígbà tí a wà nílé gidi, "wọ́n" ni mò ń pè é. Ṣùgbọ́n bí tọkọtaya bá ní láti fi ẹ̀gbẹ́ gba ara wọn kọjá láràárọ̀ kí wọ́n tó rí ọṣẹ mú, ọ̀wọ̀ ò rí àyè jókòó mọ́.

Káfíńtà ni. Kì í ṣe èyí tí ń kan òrùlé o. Àga, bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù tí àwọn ọkùnrin máa ń rà fún ìyàwó wọn tí wọ́n bá ti ṣẹ̀ wọ́n, irú èyí ló ń ṣe. Tó bá rí ìṣó lára àga, ojú rẹ̀ á le. Lójú tirẹ̀, ẹni tí igi ń fojú di ló ń lo ìṣó. Òun á gbẹ́ ihò sára igi kan, á gbẹ́ etí èkejì kó bá ihò náà mu wẹ́kú, á kun gọ́ọ̀mù sí i, á sì fi òòlù onígi rọra gbá a wọlé. Tó bá ti gbẹ, ó tán. "Àfi kí wọ́n fi ayùn gé e," á wí, á sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń yìn.

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló kọ́kọ́ dà wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Dókítà sọ fún wa pé àìsàn náà ò ní í pa á lọ́la, pé kò sì ní í lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe, wọ́n kọ́kọ́ ní kó máa fi sánpépà ha igi. Nígbà tó yá, wọ́n ní kó lọ sinmi. Láàárín àkókò yẹn náà ni onílé wa ta ilé fún ẹni tó fẹ́ wó o. Èmi tí mò ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé, iléèwé náà kógbá sílé. Ilẹ̀ ọ́fíìsì ni mò ń nù báyìí, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń wẹ̀ kí àwọn akọ̀wé tó dé. Gbogbo ilé tí a lọ wò ló ju agbára wa lọ.

Ẹrù kan ṣoṣo tí ọkọ mi kò gbà ká tà ni pákó rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ ló ti ń ṣà wọ́n jọ lẹ́yọ lẹ́yọ, igi dúdú, igi pupa, èyí tó le, tó sì gbẹ dénú. Ilé ara rẹ̀ ló ń kó wọn jọ fún. Ó máa ń sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí a bá kọ́lé, ẹnikẹ́ni ò ní í bá ilẹ̀kùn tí wọ́n rà lọ́jà nílé òun. Nígbà tí a ra mọ́tò, mo ní ká lo púláwúùdù, pé ó fúyẹ́. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní ká lo páálí.

"Ṣé ilé wa kọ́ nìyí ni?" ó ní.

Bí ó ṣe lo gbogbo pákó náà nìyẹn.

Ó ń bá ọwọ́ rẹ̀ sáré ni. Tí ọwọ́ bá gbọ̀n láàárọ̀, á dúró di ọ̀sán. Tó bá gbọ̀n lọ́sàn-án, á fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á ní kó jẹ́ kí òun ríran. Ó ṣe ilẹ̀ onípákó, ó ṣe bẹ́ẹ̀dì tó ní àpótí lábẹ́, kọ́bọ́ọ̀dù tó kan òrùlé, tábìlì tí mò ń dáná lórí rẹ̀, ó wá gbé ògiri sáàárín. Ilẹ̀kùn ló ṣe kẹ́yìn. Nígbà tó máa fi gbé e kọ́ tán, kò lè gbé ife omi dé ẹnu mọ́ láìdà á sí àyà. Àwa méjèèjì mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó kẹ́yìn nìyẹn, a ò kàn sọ ọ́ síta ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá mọ ìdí tó fi fẹ́ ilẹ̀kùn. Ọmọ kan ṣoṣo la bí, obìnrin. Ó wà nílé ọkọ ní ìlú tó jìnnà, ó ń bá oyún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu fà á, kò sì mọ̀ pé a ò nílé mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló máa ń pè. Bàbá rẹ̀ á gbé fóònù sétí, á ní, "Dúró, jẹ́ kí n wọ yàrá lọ, màmá ẹ ń pariwo ní pálọ̀." Á ṣí ilẹ̀kùn, á wọlé, á tì í. Ilẹ̀kùn náà wúwo, ó máa ń wọ àyè rẹ̀ jẹ́jẹ́, á dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ilẹ̀kùn ilé àwọn tí ara tù. Ọmọ wa sọ lọ́jọ́ kan pé tí òun bá ti gbọ́ ìró yẹn, ọkàn òun máa ń balẹ̀, pé òun mọ̀ pé nǹkan ń lọ déédéé lọ́dọ̀ wa. Láti ọjọ́ náà, mi ò bá ilẹ̀kùn jà mọ́.

Ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan la páàkì sí. Òpópónà náà dà gẹ̀rẹ̀ láti orí títì wá sísàlẹ̀, ògiri ló sì parí sí. Ibi tí èèyàn bá gbà wọlé náà ló máa gbà jáde. Àwa kọ́ la nìkan wà níbẹ̀. Ìyá Ológbò wà níwájú wa, obìnrin àgbàlagbà kan tó ń sùn nínú mọ́tò kékeré pẹ̀lú ológbò tó sanra jù ú lọ. Àwọn yòókù ń wá, wọ́n ń lọ.

Ọjọ́ Ajé ni àwọn ará kánsù wá lẹ ìwé mọ́ gíláàsì iwájú gbogbo mọ́tò. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí bàtà rẹ̀ mọ́ ju àwo ìjẹun mi lọ, fi sùúrù ṣàlàyé fún wa. Wọ́n fẹ́ tún òpópónà náà ṣe. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mọ́tò tó bá gun òkè náà fúnra rẹ̀, mọ́tò ni, kó máa lọ sí ibi tó wù ú. Èyí tí kò bá lè gùn ún, pàǹtírí ni, wọ́n á wọ́ ọ lọ síbi tí wọ́n ti ń fún irin pọ̀.

"Ẹ má jẹ́ kó le tó bẹ́ẹ̀, ọmọ mi," Ìyá Ológbò bẹ̀ ẹ́.

"Màmá, èmi kọ́ ni mo ṣòfin," ó ní. "Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mò ń jẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà ò tilẹ̀ bà mí lẹ́rù. Ẹ́ńjìnì wa dára, mo sì máa ń tẹ̀ ẹ́ lóòrèkóòrè kí bátìrì má baà kú. Lọ́jọ́rú tí mo tibi iṣẹ́ dé, mo ní kí n dán an wò. Mo jókòó sídìí ọkọ̀, mo ki jíà, mo tẹ iná. Mọ́tò bú ramúramù, ó gbéra, ó gun òkè díẹ̀, ó dúró. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn bí mo ṣe tẹ bíréèkì tó. Ọkọ mi tó dúró lẹ́yìn sáré fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo dán an wò títí tí gbogbo òpópónà fi kún fún èéfín, ibi kan náà ló ń dé tó ń padà.

A lọ pe mẹkáníìkì tó ní ṣọ́ọ̀bù lórí títì. Ó gbọ́ ẹ́ńjìnì, ó ní kò ṣe nǹkan kan. Ó wá wọ inú mọ́tò lọ, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó kan ògiri, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tì í, ó tún un ṣí.

"Bàbá, ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mi ò rí irú ẹ̀ rí." Ó họ orí. "Búrẹ́dì ni wọ́n ní kí mọ́tò yìí máa gbé, Bàbá. Ẹ̀yin wá gbé ilé lé e lórí."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú wa, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Ó rọrùn," ó ní. "Ẹ tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Tí mọ́tò bá ti gòkè tán, ẹ tún un tò padà. Kí lẹ fi dè é, súkúrù?"

"Kò sí súkúrù níbẹ̀," ọkọ mi ní.

"Ìṣó ni?"

"Kò sí ìṣó níbẹ̀."

Mẹkáníìkì yíjú sí mi, bíi pé kí n gba òun. Mo ní, "Àfi kí wọ́n fi ayùn gé e." Lọ́jọ́ yẹn, ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni gbogbo ẹ̀ yé mi, inú sì bí mi débi pé etí mi gbóná. Òfìfo ni mo wa mọ́tò náà sọ̀ kalẹ̀ wá síbẹ̀. Ojú kan tó dúró sí ni ọkọ mi ti kọ́lé sínú rẹ̀. Ó wọn gíga, ó wọn ìbú, ó wọn bí ilẹ̀kùn ṣe máa ṣí tí kò ní í gbá bẹ́ẹ̀dì. Kò wọn ìwúwo. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, nǹkan tó bá kàn, ojú kan ni wọ́n ń gbé e sí, ẹnì kan ò ní kí kọ́bọ́ọ̀dù gun òkè rí.

"Mi ò sọ fún ẹ pé ká lo púláwúùdù?" Mò ń pariwo, mi ò sì bìkítà ẹni tó ń gbọ́. "Mi ò sọ ọ́?"

"O sọ ọ́."

"Kí lo wá ní?"

"Mo ní ilé ni."

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn lórí igi, ó ń dún kọkọkọ bí ẹni tó fẹ́ wọlé. Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ lọ. Kí wọ́n wọ́ ọ lọ bó ṣe wà."

"Kí àwa wá sùn síbo?"

Ọ̀rọ̀ náà ò ṣòro yé ẹnikẹ́ni nínú wa. Tí a ò bá gé e, ẹ̀gbẹ́ títì ló kù tí a máa sùn sí. Tí a bá sì gé e, kò sí ọwọ́ tó máa tún un ṣe láyé yìí. Ojú rẹ̀ ni mi ò fẹ́ wò. Mo jáde lọ jókòó ti Ìyá Ológbò, mo sunkún níwájú ológbò tí kò tiẹ̀ yíjú.

Lọ́jọ́bọ̀, Ìyá Ológbò ló kó àwọn èèyàn jọ pé kí wọ́n bá wa tì í. Gbogbo ẹni tó wà ní òpópónà náà ló jáde, títí kan àwọn tí kì í kí wa. Wọ́n tì, wọ́n kọrin sí i, ẹnì kan já bọ́, bàtà ẹnì kan ya. Mọ́tò gùn ju ti Ọjọ́rú lọ díẹ̀. Nígbà tí agbára wọn tán, gbogbo wa jọ rọra bá a padà sísàlẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, mo bá ọkọ mi níwájú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Ó ti dìde tipẹ́. Ó ń fa ìlà sí ibi tí a máa gé, ó fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú, síbẹ̀ ìlà náà ń wọ́ kiri.

"Tẹ̀lé ìlà," ó ní, ó na ayùn sí mi. "Ibi tó bá ti wọ́, lo orí ẹ."

Èmi ni mo gé e, ọwọ́ tirẹ̀ ò lè ti ayùn. Ó dúró tì mí. "Má fi agbára ṣe é. Jẹ́ kí ayùn ṣiṣẹ́ ara ẹ̀." Tí mo bá gé gbún, á pòṣé, bíi pé a ṣì ń kọ́ nǹkan ni. Kọ́bọ́ọ̀dù lọ, tábìlì lọ. Bẹ́ẹ̀dì ló pẹ́ jù, apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. A ń kó wọn jáde, ó sì ń tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níta, gígùn pẹ̀lú gígùn, kúkúrú pẹ̀lú kúkúrú, ó ń nu eruku wọn.

Kò fa ìlà kankan sí ilẹ̀kùn. Igi kékeré méjì ló fi gbé e kọ́, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí wọ́n ń yí nínú ihò. Ó ní kí n gé igi méjèèjì yẹn nìkan, ó sì bọ́ síta. Mo gé wọn. Ilẹ̀kùn já lé mi léjìká, mo sì rí i pé mi ò lè dá a gbé, mo ní láti pè é padà wọlé. A gbé e ti ògiri níta, odindi, mo sì wá gé ògiri àárín àti ilẹ̀ onípákó. A sọ fún Ìyá Ológbò pé kó bá wa fojú sí i, pé tí mọ́tò bá ti gòkè, àwa méjèèjì á padà wá gbé e. Ó pẹ́ tí mo ti rí ọkọ mi kí ara rẹ̀ yá bẹ́ẹ̀. "Ilẹ̀kùn ṣì wà," ó ń wí. "Ilẹ̀kùn ṣáà ṣì wà."

Àwọn ará kánsù dé. Ọ̀gá wọn dúró lókè, ó ká apá mọ́yà. Mo tẹ iná. Mọ́tò gbọ̀n, ó kérora, ó gòkè. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín, inú mi dùn. Mo pariwo bí ọmọdé. Obìnrin náà fi èékánná ṣí ìwé kúrò lójú gíláàsì, ó ní, "Ẹ kú oríire, ìyá." Ó ní kí n má dúró níbẹ̀, pé mò ń dí àwọn ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́, àwọn ọlọ́kọ̀ náà sì ti ń fọn fèrè. Títì náà ò gba èèyàn láyè láti páàkì. Mo wà á lọ, mo wà á lọ, ó di ẹ̀gbẹ́ pápá ìṣeré kan kí n tó ráyè dúró. Ẹsẹ̀ la fi rìn padà.

Ọkọ̀ tó ń kó pàǹtírí ló tẹ̀lé àwọn ará kánsù wá. Ó ti lọ nígbà tí a dé. Wọ́n ti gbá ẹ̀gbẹ́ ògiri mọ́ tónítóní, èéfọ́ igi díẹ̀ ló kù nílẹ̀. Ìyá Ológbò jókòó nínú mọ́tò rẹ̀, ó ti tan ẹ́ńjìnì rẹ̀ sílẹ̀ láti máa lọ, ó kàn ń dúró dè wá ni.

"Mo sọ fún wọn pé ilé yín ni," ó ní. "Wọ́n ní, ilé dà?"

"Ilẹ̀kùn ńkọ́?" ni mo bi í.

"Òun ni wọ́n jù sí i kẹ́yìn. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ yẹn tẹ̀ ẹ́, kò fọ́. Wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n ní irú igi wo nìyí."

Ọkọ mi sún mọ́ fèrèsé rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," ó ní, "nígbà tó wá fọ́, ṣé ojú ibi tí mo ti so ó pọ̀ ló ti já?"

Ìyá Ológbò ronú sí i. "Rárá o. Àárín igi ló ti ya."

Ó mi orí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà.

Ní ìrọ̀lẹ́, a tẹ́ fóòmù sórí irin, a jókòó sí i. Àyè pọ̀ nínú mọ́tò náà báyìí, ohùn wa ń padà wá bá wa. Òórùn búrẹ́dì ti dé. Fóònù ọkọ mi sì dún, ọjọ́ Ẹtì ṣáà ni.

"Má gbé e," ni mo ní.

Ó gbé e. Ó kí ọmọ rẹ̀, ó bi í léèrè ara, ó bi í léèrè oyún. Àṣà tó ti mọ́ ọn lára ló wá já bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Dúró, jẹ́ kí n wọ yàrá lọ." Ó dìde. Ó rìn dé ibi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀, ó na ọwọ́, ó dúró. Ó wò mí. Mò ń gbọ́ ọmọ wa nínú fóònù, "Bàbá? Ẹ ṣì wà níbẹ̀?" Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe fún un. Mo dìde, mo di ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò mú, mo fi gbogbo agbára tì í. Irin bá irin, gbàgà, gbogbo ara mọ́tò mì.

"Kí nìyẹn, Bàbá?"

"Ilẹ̀kùn ni."

"Kì í dún báyẹn tẹ́lẹ̀."

"A ti pààrọ̀ ẹ̀," ó ní. Fóònù ń lù ú létí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. "A ra ti ọjà."